Etí Òsì Ẹ̀gbọ́n Mi

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí ti pẹ́ nínú mi ju bó ṣe yẹ lọ, n kò sì fẹ́ gbé e wọ sàréè. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọrin rí nílé ìgbohùnsílẹ̀ wa, ẹ̀yin tí ẹ gbọ́kàn lé ẹ̀gbọ́n mi kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í káàánú wọn, àti ẹ̀yin ọmọ wọn tí ẹ máa ń pariwo bá bàbá yín sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n wà lódìkejì odò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á. Èmi àbúrò wọn obìnrin, tí gbogbo yín ń pè ní Ìyá Oníwáyà, èmi ni mo ṣe é. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọjọ́ ogbó, kì í ṣe ọ̀tá. Èmi ni. Mo sì ń dúpẹ́ pé ọwọ́ mi ló ń kọ ọ́, torí ká ní mo kú lọ́jọ́ tó yẹ kí n kú, irọ́ mi ì bá di òótọ́ títí láé.

Bàbá wa ló ń tún rédíò àti ẹ̀rọ orin ṣe. Yàrá iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn, òórùn léèdì yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà la sì fi ń jí láràárọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni àkọ́bí, wọ́n tún jẹ́ ọkùnrin, àwọn ló yẹ kó jogún iṣẹ́ náà. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, wọ́n ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ kan láìyọ wáyà rẹ̀ kúrò lára ògiri. Iná gbé wọn, ó jù wọ́n lu àpótí irinṣẹ́. Láti ìgbà náà, wọn kò fọwọ́ kan ẹ̀yìn ẹ̀rọ mọ́. Kódà, bí gílóòbù bá kú nílé wọn, ìyàwó wọn ló ń gun àga lọ pààrọ̀ rẹ̀, àwọn á máa di àga mú, wọ́n á sì máa wojú ilẹ̀. Nígbà tí bàbá wa rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n fa irinṣẹ́ lé èmi ọmọbìnrin lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bùn tí Ọlọ́run fún ẹ̀gbọ́n mi, etí ló fi sí. Bí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ń kọrin pa pọ̀, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, "Ìwọ tó wọ bàtà pupa, ohùn ẹ wálẹ̀ díẹ̀." Ẹni tó wọ bàtà pupa á kọ́kọ́ jiyàn, á tún un kọ, á sì rí i pé òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pè wọ́n ní Elétí. Nígbà tí a jọ ṣí ilé ìgbohùnsílẹ̀, òfin wa rọrùn: iwájú jẹ́ tiwọn, ẹ̀yìn jẹ́ tèmi. Àwọn ló ń jókòó sórí àga tó kọjú sí tábìlì ohùn, èmi ló wà nídìí wáyà. N kì í jókòó sórí àga wọn, wọn kì í fọwọ́ kan wáyà mi. Ó pẹ́ tí òfin náà ti sìn wá dáadáa. Òun náà ni mo sì wá fi pa wọ́n lára, torí ẹni tí kì í dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, ohun tí mo bá ní mo rí níbẹ̀ ni yóò gbà.

Ibi tí ìkà mi ti bẹ̀rẹ̀ kéré débi pé ojú ń tì mí láti kọ ọ́. Lọ́jọ́ kan, ẹgbẹ́ akọrin kan ń kọrin lọ́wọ́, mo yọ orí jáde láti ẹ̀yìn tábìlì, mo ní ohùn àwọn obìnrin ti bo tàwọn ọkùnrin mọ́lẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Àbúrò mi, jọ̀ọ́, máa jó léèdì ẹ. Etí tìẹ yẹn, ẹnu ọ̀nà lásán ni, kò sẹ́ni tó ń gbénú ilé." Gbogbo yàrá fi ẹ̀rín sí i. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àwọn akọrin lọ tán, mo rí i tí ẹ̀gbọ́n mi rọra gbé ohùn àwọn ọkùnrin sókè díẹ̀, wọn kò sì sọ nǹkan kan. Wọ́n ti gbàgbé àwàdà náà kí oòrùn tó wọ̀. Èmi kò gbàgbé. Mo gbé e sínú, mo ń fún un lómi, mo ń kó o sí ìbòòji, bí ẹni ń sin ẹran.

Bàbá wa fi ampilifáyà àtijọ́ kan sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀rọ ńlá tó ń fún sípíkà lóhùn ni, onípákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, tí abẹ́rẹ́ méjì máa ń jó lójú gíláàsì rẹ̀ bí orin bá ń lọ. Wọ́n gbé e sí pálọ̀ wọn, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń gbọ́ ohun tí a gbà sílẹ̀. Wọn kì í yí i sókè rárá. Wọ́n ní ariwo máa ń fi àléébù pa mọ́, pé bí orin bá dára, yóò dára ní ohùn jẹ́jẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá bá mi nídìí iṣẹ́, wọ́n dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó fẹ́ yá nǹkan. Wọ́n ní, "Àbúrò mi, sípíkà òsì yẹn, ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Mo pe ìyàwó mi kó wá gbọ́ ọ, òun ní òun ń gbọ́ méjèèjì. Mo tún pè é, ó tún ní òun ń gbọ́ ọ. Àbí etí mi ni?"

Mo tẹ̀ lé wọn lọ sílé. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi, tó jẹ́ télọ̀, wà ní igun pálọ̀ nídìí máṣìnnì rẹ̀. Mo ní, "Ìyàwó wa, báwo lo ṣe gbọ́ ọ?" Ó ní, "Àǹtí, ṣebí bí wọ́n bá ti pè mí, màá dìde, màá yí i sókè díẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ dáadáa, etí tèmi ti kún fún ariwo máṣìnnì. Méjèèjì ń dún geere." Ibẹ̀ gan-an ni mo ti fura. Ẹ̀rọ tó ń dákẹ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, tó ń sọ̀rọ̀ bí a bá yí i sókè, mo ti rí irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà.

Àlejò kan tó wá kí wọn fẹ́ máa lọ nígbà náà, ẹ̀gbọ́n mi bá sìn ín jáde, ìyàwó wọn náà sì tẹ̀ lé wọn. Èmi nìkan ló kù pẹ̀lú ẹ̀rọ. Mo ṣe ohun tí bàbá wa kọ́ mi kí n máa kọ́kọ́ ṣe: mo pààrọ̀ wáyà sípíkà méjèèjì, mo gbé ti òsì sí ọ̀tún, mo gbé ti ọ̀tún sí òsì. Mo tan orin, mo rọ̀ ọ́ sílẹ̀. Sípíkà ọ̀tún ló dákẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Bó bá jẹ́ pé etí ló ṣàìsàn ni, ìdákẹ́ náà kò ní ṣí kiri. Mo ṣí ìdérí, mo fi ìdí pẹ́ńsùlù kan rílè inú rẹ̀ pẹ́, ohùn sì padà bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun. Rílè yìí, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n, ó dà bí ìlẹ̀kùn kékeré méjì tí ohùn ń gbà jáde lọ bá sípíkà, ọ̀kan fún òsì, ọ̀kan fún ọ̀tún. Bó bá ti dàgbà, ìdọ̀tí á bo ojú irin rẹ̀. Orin tó le á ti ìdọ̀tí kọjá, orin jẹ́jẹ́ kò ní lè kọjá. Oògùn rẹ̀ kò ju kí a rẹ bébà líle sínú sípírítì, kí a fà á kọjá láàárín irin méjèèjì. Kéèyàn tó mu omi tán, iṣẹ́ ti parí.

Mo ti ń wá bébà nínú àpò mi nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn. Ẹ̀gbọ́n mi dúró, wọ́n ń wò mí. Ẹ̀rù wà lójú wọn. N kò rí ẹ̀rù lójú wọn rí láti ọjọ́ tí iná gbé wọn. Wọ́n ní, "Kí lo rí?" Nǹkan kan sì dìde nínú mi, mo gbọ́ ẹ̀rín àwọn akọrin yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ní, "N kò rí nǹkan kan o, ẹ̀gbọ́n mi. Ara ẹ̀rọ yìí le ju tèmi lọ." Wọ́n mi orí díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní, "Etí mi ni, nígbà náà." N kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, n kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo dá wáyà padà síbi tó wà, mo dé ẹ̀rọ, mo ń yí nọ́ọ̀tì rẹ̀ bí èèyàn gidi. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀la ni màá sọ òótọ́, pé kí àwọn náà kàn mọ bó ṣe máa ń rí kí etí èèyàn di yẹ̀yẹ́. Ẹ wo irú àbúrò tí wọ́n bí lé wọn!

Ọ̀la dé, wọ́n pè mí nílé ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n sún díẹ̀ lórí àga. Wọ́n ní, "Wá jókòó síbí, bá mi gbọ́ apá òsì." Ẹ lè bi mí pé, ṣebí ẹ̀rọ mìíràn ló wà níbẹ̀, ṣebí wọ́n ń gbọ́ dáadáa níbẹ̀? Wọ́n ń gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù ti wọ̀ wọ́n. Bí akọrin kan bá rọra gbé ohùn, wọ́n á dá gbogbo orin dúró, wọ́n á bi mí pé, "Ṣé òun ló rọra kọ ọ́ ni, àbí èmi ni?" Èmi á ní kí wọ́n má yọ ara wọn lẹ́nu, kí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi. Díẹ̀díẹ̀, ìdajì àga di odindi àga. Àwọn akọrin bẹ̀rẹ̀ sí í wojú mi bí orin bá parí: "Ìyá Oníwáyà, ṣé ó dára?" Ó dùn mọ́ mi. N kò ní parọ́ níbí, mo ti parọ́ tó. Ó dùn mọ́ mi gan-an ni.

Ibi tó burú jù ló kàn yìí. Ẹ̀gbọ́n mi lọ rí dókítà etí. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré, ọsàn wà lọ́wọ́ wọn tí wọ́n rà fún mi. Wọ́n ní, "Àbúrò mi! Dókítà ní kò sí nǹkan tó ṣe é! Ó ní ká ní gbogbo àgbà ló ní irú etí mi ni, iṣẹ́ òun ì bá ti kásẹ̀ nílẹ̀!" Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún mi gbayawu láti jáde. Mo tì í. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ohùn fèrè kan ṣoṣo ni ẹ̀rọ àwọn dókítà máa ń fun. Orin yàtọ̀ sí fèrè. Ẹ jẹ́ ká lọ dán an wò sí orin." Mo mú wọn dé pálọ̀, mo fi wọ́n jókòó síwájú ẹ̀rọ bàbá wa. Mo tan orin, mo ń yí i wálẹ̀, wálẹ̀, títí dé ibi tí mo mọ̀ pé òsì yóò ti kú. Mo ní, "Ṣé ẹ ń gbọ́ òsì?" Wọ́n ní, "Rárá. Ìwọ ńkọ́?" Mo wo ojú ẹ̀gbọ́n mi, ojú tó jọ ti bàbá wa, mo ní, "Mo ń gbọ́ ọ ketekete."

Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ bo etí òsì, wọ́n ṣí i, wọ́n tún bò ó, wọ́n tún ṣí i. Omi ń bọ́ lójú wọn, wọn kò sì nù ún. Wọ́n ní, "Ó ti tán nìyẹn. Bá mi gbé ẹ̀rọ yìí lọ sílé ẹ. N kò fẹ́ rí i mọ́." Mo gbé e. Wọn kò padà sídìí àga wọn nílé ìgbohùnsílẹ̀ mọ́. Nígbà tí ìyá wa sì ní kí a gba ohùn àwọn sílẹ̀ kó tó di pé ó pẹ́ jù, ẹ̀gbọ́n mi kọ̀. Wọ́n ní àwọn kò lè fi ààbọ̀ etí gba ohùn ìyá àwọn. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n jókòó sí, wọ́n ti ilẹ̀kùn, èmi ni mo gbà á. Ìyá wa kú lẹ́yìn ìgbà náà, ẹ̀gbọ́n mi kò sì gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà rí. Ẹ̀yin tí ẹ káàánú wọn níbi ìsìnkú yẹn, tí ẹ ń gbá mi léjìká pé èmi ni mo dúró ti ìdílé, ẹ foríjì mí. Ó yẹ kí ilẹ̀ lanu lábẹ́ mi.

Ọdún ń gorí ọdún. Ẹ̀rọ náà wà ní yàrá mi, mo fi aṣọ bò ó, n kò tún un ṣe, n kò tàn án. Kò sí ẹ̀rọ tí n kò lè ṣí láyé yìí àfi òun. Lẹ́yìn náà ni àìsàn gbé mi dè. Èémí ń bá mi jà, wọ́n gbé mi lọ sí ọsibítù. Ta ló ń wá lójoojúmọ́? Ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n á bó ọsàn, wọ́n á yọ hóró rẹ̀ kúrò kó má bàa fún mi lọ́rùn, wọ́n á ka ìwé ìròyìn sí mi létí, wọ́n á máa bú àwọn olóṣèlú. Mo ń jẹ ọsàn náà bí ẹni ń jẹ iná.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n gbé mi dìde kí wọ́n tún ìrọ̀rí mi ṣe, etí wọn bá ẹ̀yìn mi. Wọn kò mú un kúrò. Wọ́n ní, "Mí." Mo mí. Wọ́n ní, "Tún mí." Wọ́n pe nọ́ọ̀sì, wọ́n ń káwọ́ sẹ́yìn bí ọmọ ilé ìwé tó ṣẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ má bínú o. Etí mi ò dáa mọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n apá òsì rẹ̀ ò dún bíi ti ọ̀tún." Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó ṣoore, ó lọ pe dókítà. Dókítà gbé ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ inú àyà lé mi lẹ́yìn, ojú rẹ̀ sì yí padà. Omi ti kún àyà mi lápá òsì. Wọ́n fà á jáde lọ́jọ́ náà. Dókítà ní ká ní ó pẹ́ sí i ni, ọ̀rọ̀ ì bá ti yàtọ̀. Ó béèrè pé ta ló kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀gbọ́n mi sì wolẹ̀, wọ́n ní, "Mo kàn fura ni." Mo bú sẹ́kún. Wọ́n rò pé ara ló ń dùn mí.

Etí tí mo pa ló gbà mí là. Mo dúpẹ́, àmọ́ ọpẹ́ náà kò jẹ́ kí n sùn. Bí mo ṣe délé tí mo lè dúró lórí ẹsẹ̀ mi, mo ránṣẹ́ pè wọ́n. Mo ti ṣí aṣọ lórí ẹ̀rọ bàbá wa, mo ti so sípíkà méjèèjì àti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn. Wọ́n rí i, wọ́n fẹ́ padà. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi jókòó, ẹ di ojú yín." Mo tan orin, mo yí i wálẹ̀. Wọ́n ní, jẹ́jẹ́, "Òsì ti lọ." Mo pa á, mo pààrọ̀ wáyà, mo tún tàn án, mo yí i wálẹ̀. Wọ́n yí orí sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì. Lẹ́yìn náà, wọ́n la ojú.

"Àbúrò mi, òsì ń dún. Ọ̀tún ló dákẹ́. Kí lo ṣe?"

"Mo pààrọ̀ wáyà sípíkà ni."

"Wáyà nìkan?" Wọ́n wo ẹ̀rọ, wọ́n wò mí. "Kì í ṣe èmi, nígbà náà."

"Kì í ṣe ẹ̀yin. Kò fìgbà kan jẹ́ ẹ̀yin."

"Ìgbà wo lo mọ̀?"

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ sin àlejò jáde." Mo sì ro gbogbo rẹ̀ fún wọn, bí mo ṣe rò ó fún yín yìí, n kò fi iyọ̀ sí i. Wọ́n dìde, wọ́n jáde. Mo gbọ́ tí ẹsẹ̀ wọn dé àtẹ̀gùn, tí ó dúró. N kò mọ bí wọ́n ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé padà, ojú wọn ti pọ́n. Wọ́n ní, "Tún un ṣe. Mo fẹ́ máa wò ọ́." Ẹ̀gbọ́n mi, tí kì í dé ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n na ọrùn. Wọ́n ní, "Ṣé o ti yọ ọ́ lára ògiri?" Mo ní mo ti yọ ọ́. Wọ́n tún lọ wo ògiri fúnra wọn. Mo rẹ bébà sínú sípírítì, mo fà á kọjá, ó jáde ní dúdú. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ń yí i wò. Wọ́n ní, "Ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Mo ní, "Gbogbo ẹ̀ nìyẹn." Ká ní wọ́n gbá mi létí ni, ì bá sàn fún mi.

Mo ki kásẹ́ẹ̀tì ìyá wa bọ ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, mo tàn án ní ohùn jẹ́jẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn. Ìyá wa wúkọ́, wọ́n ní, "Elétí dà? Ṣé òun kọ́ ló máa gbọ́ ọ ni?" Ohùn mi dáhùn lókèèrè pé, "Ó rẹ̀ wọ́n, Màámi." Lẹ́yìn náà ni ìyá wa bẹ̀rẹ̀ orin tí wọ́n fi ń rẹ̀ wá lẹ́kún. Òsì ń dún, ọ̀tún ń dún. Ẹ̀gbọ́n mi kò mira títí orin fi parí. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Wọ́n ní, "Màá dárí jì ẹ́. Kì í ṣe lónìí. Lónìí, ohùn ìyá mi ni mò ń gbọ́." Wọ́n ní kí n dá a padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó tún ń lọ, wọ́n sọ̀rọ̀ láìwò mí, wọ́n ní, "Ibi tó yẹ gan-an lo gbé gbohùngbohùn sí. O kò jẹ́ kí ikọ́ wọn bo ohùn wọn. O gbọ́ ọ dáadáa." Ohun tí mo torí ẹ̀ jalè láti gbogbo ọdún yìí wá nìyẹn, wọ́n sì fi fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́ tí mo jẹ́wọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ọgbọ́n ọwọ́ bá wà lọ́wọ́ yín, tí àwọn èèyàn ń gba ohun tí ẹ bá wí gbọ́ torí pé wọn kò lè yẹ̀ ẹ́ wò, mo bẹ̀ yín, ẹ má fi ṣe bí mo ṣe fi ṣe. Bí ẹnikẹ́ni bá sì fi àwàdà gún yín, ẹ sọ fún un kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì sọ ọ̀rọ̀ ìdáríjì náà, n kò sì yọ wọ́n lẹ́nu. Ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń wá, wọ́n ṣì ń bó ọsàn fún mi, mo sì ń dúpẹ́ lórí hóró kọ̀ọ̀kan tí wọ́n ń yọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ní kí n ṣe: kí n sọ fún gbogbo yín pé etí àwọn kò bàjẹ́ rí. Mo ti sọ ọ́. Bí ẹ bá wọlé tọ̀ wọ́n lẹ́yìn òní, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo mọ́. Ẹ rọra kí wọn. Wọ́n ń gbọ́ yín.